Èémí ńlá tí kì í ṣe ti ikọ́ fée

Ìhà Ìjọ̀ka ni wọ́n ti gbé e wá, nínú kẹ̀kẹ́ Maruwa, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́. Ọmọ ọdún 19 ni, akẹ́kọ̀ọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan nígboro Àkúrẹ́. Èmi ni dókítà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ẹ̀ka ìtọ́jú pàjáwìrì lóru ọjọ́ náà. Òun àti ìyá rẹ̀ ti fọwọ́ sí i pé kí n kọ ọ́, mo sì ti yí ohun tó lè mú kí ẹnikẹ́ni dá wọn mọ̀ padà.

Láti ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù ni èèyàn ti ń gbọ́ èémí rẹ̀. Kì í ṣe èémí kúkúrú bíi ti ẹni tó sáré. Èémí tó jinlẹ̀ ni: àyà á gbéra sókè pátápátá, á rọlẹ̀ pátápátá, á tún gbéra, láìsinmi rárá. Nọ́ọ̀sì kà á, 36 ni láàárín ìṣẹ́jú kan. Ètè rẹ̀ ti bó, ahọ́n rẹ̀ gbẹ bí ẹni pé ó fẹ́ lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu, ojú rẹ̀ ti jìn wọnú. Ọkàn rẹ̀ ń lù ní ìgbà 128 ní ìṣẹ́jú kan, ìfúnpá rẹ̀ jẹ́ 96 lórí 60. Kò gbóná. Bí a bá pè é, ó ń dáhùn, àmọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò so pọ̀ mọ́ra.

Ìyá rẹ̀ ní ibà ló bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú, ó ń bì, inú sì ń rún un. Wọ́n mú un lọ sí ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì kan ládùúgbò, wọ́n ní ibà àti taifọ́ọ̀dù ni, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́. Ní Àkúrẹ́ wa yìí, ẹni tó bá ti bì, ibà àti taifọ́ọ̀dù ló ní, bí a kò tilẹ̀ tíì wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí èémí yí padà, ẹlòmíràn ní ikọ́ fée ni, ó fún wọn ní ike tí wọ́n ń fín sẹ́nu. Wọ́n fín in títí ó fi tán. Kò yí nǹkan kan padà.

Mo bi ìyá ní ìbéèrè kan: “Mọ̀ọ́mì, omi ńkọ́? Ṣé ó ń mu ún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ?”

“Háà, Dókítà, omi! Kẹ́ẹ̀gì ló ń gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì sùn. Mo ní oòrùn ni. Lóru, kò ní yé jáde lọ tọ̀. Gbogbo síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ń já bọ́ nídìí rẹ̀, ó ní ìwé tí òun ń kà ló fà á.”

Nọ́ọ̀sì tó gbà á wọlé, ẹni tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí kí n tó wọ ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn, ti so ẹ̀rọ mọ́ ọn níka: ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 98 nínú 100, láìfi ohunkóhun sí i nímú. Mo fetí sí àyà rẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn. Atẹ́gùn ń wọlé, ó ń jáde, kò sí ìró súfèé, kò sí ìró omi. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ ikọ́ fée parí lọ́dọ̀ mi. Ẹni tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ dá ṣáká, tí ọ́síjìn rẹ̀ pé, kí ló ń mí kíkankíkan bẹ́ẹ̀ sí?

Mo tẹ̀ sún mọ́ ẹnu rẹ̀. Òórùn kan wà níbẹ̀ tó dùn díẹ̀ tó sì ń ta nímú, òórùn ohun tí àwọn obìnrin fi ń nu ọ̀dà èékánná kúrò. Imú àwọn kan kì í gbọ́ ọ rárá. Dókítà kejì tí a jọ wà níbẹ̀ ní òun kò gbọ́ nǹkan kan. Ìtọ̀ rẹ̀ kò ṣe ojúsàájú: ṣúgà 3+, kítóònù 3+. Ẹ̀rọ tí a kán ẹ̀jẹ̀ sí kò kọ nọ́ńbà, “HI” ló kọ, ìyẹn ni pé ṣúgà ti kọjá 600 tí ẹ̀rọ náà lè kà mọ.

Àtọ̀gbẹ ni, irú èyí tó máa ń bá ọmọdé àti ọ̀dọ́ jà, tí ara kì í ṣe ínsúlínì mọ́. Kò sẹ́ni tó mọ̀ tẹ́lẹ̀. Láìsí ínsúlínì, ṣúgà á kún inú ẹ̀jẹ̀ kò sì ní rí ọ̀nà wọ inú ẹran ara. Ara á ṣe bí ẹni tí ebi ń pa, á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ ọ̀rá tirẹ̀, ẹ̀dọ̀ á sì sọ ọ̀rá náà di kítóònù. Oríṣi mẹ́ta ni kítóònù. Méjì jẹ́ ásíìdì. Ẹ̀kẹta ni asitóònù, òun ni imú mi gbọ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin dúró tì í lórí, ó gbé ọwọ́ lé e láyà. “Rọra mí. Rọra mí, má pa ara ẹ.” Ó yíjú sí mi: “Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún un lábẹ́rẹ́ tó máa jẹ́ kó sùn. Èémí yìí ló máa pa á.”

Ó sọ ọ́ tìfẹ́tìfẹ́, àmọ́ nínú gbogbo ohun tí wọ́n sọ lálẹ́ ọjọ́ náà, kò sí èyí tó léwu tó o. Ará Ìlàjẹ ni wọ́n. Ẹja ni ìyá ń kó láti Ìgbọ́kọ̀dá wá tà l’Ákùúrẹ́. Mo ní: ọkọ̀ ojú omi kan ń jò, ẹnì kan wà nínú rẹ̀ tó ń fi igbá gbọ́n omi dànù, ó ti rẹ̀ ẹ́, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Àánú rẹ̀ ṣe yín, ẹ gba igbá lọ́wọ́ rẹ̀ kó lè sinmi. Kí ló máa ṣẹlẹ̀?

Ìyá ló dá mi lóhùn. “Ọkọ̀ á rì nù-un.” Ó sì gbá ọwọ́ ọmọkùnrin rẹ̀ kúrò láyà àbúrò rẹ̀.

Ohun tí èémí náà ń gbọ́n dànù

pH ni a fi ń wọn ásíìdì inú ẹ̀jẹ̀. Sørensen, ọmọ ilẹ̀ Denmark tó ń ṣiṣẹ́ ní láàbù Carlsberg ní Copenhagen, ló gbé òǹkà náà kalẹ̀ ní 1909. Bí nọ́ńbà ṣe ń wálẹ̀ ni ásíìdì ń pọ̀ sí i. Ti ẹ̀jẹ̀ tó ń jáde láti inú ọkàn wa gbọ́dọ̀ wà láàárín 7.35 sí 7.45. Òǹkà yìí máa ń tan èèyàn jẹ, torí pé ẹni tó bá rí 7.4 àti 7.1 á ní wọn kò jìnnà síra. Bí ó bá fi 0.3 péré wálẹ̀, ásíìdì ti di ìlọ́po méjì. Bí ó bá sọ̀ kalẹ̀ kọjá 6.8, agbára káká ni ẹni náà fi lè yè é.

Bẹ́ẹ̀, kò sí ọjọ́ tí ara kì í ṣe ásíìdì. Iyán tí a jẹ lọ́sàn-án, bí ara bá ti jó o tán, kábónì dáyọ́ksáìdì ni yóò kù pẹ̀lú omi. Lójúmọ́, àgbàlagbà ń ṣe tó nǹkan bí 15,000 mmol (òṣùwọ̀n tí a fi ń ka iye èròjà) rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kábónì yìí máa ń di ásíìdì bó bá ti pàdé omi inú ẹ̀jẹ̀. A kì í mọ̀ pé ó wà nítorí pé à ń mí i jáde bí ó ti ń dé. Èyí tí èémí kò lè gbé jáde, tó ń ti inú ẹja, ẹran àti ẹyin wá, kò ju nǹkan bí 70 lọ lójúmọ́. Kíndìnrín ló ni ìyẹn.

Bí ásíìdì àjèjì bá wọ inú ẹ̀jẹ̀, báíkábónéètì, èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó ń pa agbára ásíìdì, ló kọ́kọ́ ń pàdé rẹ̀, pẹ̀lú hẹmoglóbìn àti àwọn purotéènì ẹ̀jẹ̀ mìíràn. Wéré báyìí ni, báíkábónéètì ti gbá a mú, àwọn méjèèjì ti di omi àti kábónì. Ṣùgbọ́n báíkábónéètì kan ń bá ásíìdì kan lọ, bí kítóònù kò bá sì dáwọ́ dúró, báíkábónéètì á máa tán. Ibí yìí ni èémí ti ń wọ ọ̀rọ̀. Ara ní àwọn ibi tó ti ń tọ́ ásíìdì wò, nínú ọpọlọ nítòsí ibi tó ti so mọ́ ọrùn, àti lára iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá inú ọrùn. Bí ásíìdì bá ti ga, àṣẹ á jáde láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ pé kí èémí jìn sí i. Kábónì á dín kù, pH á sì gòkè díẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kítóònù kò tíì dín rárá. Aláìsàn kò pinnu rẹ̀, kò sì lè dá a dúró.

Adolf Kussmaul, dókítà kan ní Jámánì, ṣàpèjúwe èémí yìí ní 1874 lára àwọn alátọ̀gbẹ tó ń kú lọ. Ohun tó yà á lẹ́nu náà ni ohun tó ń yà wá lẹ́nu: ọ̀nà ọ̀fun ṣí sílẹ̀, atẹ́gùn ń wọlé dáadáa, síbẹ̀ aláìsàn ń mí bí ẹni tí atẹ́gùn kò tó. Títí di òní, orúkọ rẹ̀ ni a fi ń pe èémí náà. Ní ìgbà ayé rẹ̀, kò sí ohun tó lè ṣe fún wọn.

Kíndìnrín kì í yára. Ó ń gba báíkábónéètì tó fẹ́ bá ìtọ̀ lọ padà, ó ń ti ásíìdì sínú ìtọ̀ pẹ̀lú amóníà, ó sì ń ṣe báíkábónéètì tuntun dípò èyí tó tán. Ọjọ́ mélòó kan ni kó tó gbéra tán. Ọmọ tiwa kò ní ọjọ́ mélòó kan.

Sírínjì inú yìnyín

Ẹ̀jẹ̀ iṣan tó ń lù ní ọrùn ọwọ́ ni a nílò láti mọ bí nǹkan ti rí, kì í ṣe ti iṣan tí dírípù ń gbà wọlé. Ó máa ń dun èèyàn gan-an. A fi hẹparínì, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, fọ inú sírínjì, a fa ẹ̀jẹ̀, a lé atẹ́gùn inú rẹ̀ jáde, a dé e, a sì tẹ̀ ẹ́ bọ inú yìnyín, torí pé ẹ̀jẹ̀ inú sírínjì ṣì wà láàyè, ó ń jẹ ṣúgà, ó ń ṣe ásíìdì tuntun. Ẹ̀rọ tó ń ka irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò sí níbi gbogbo nígboro. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló gun ọ̀kadà lọ sí láàbù tó ní in, ó há ike yìnyín náà sí àárín itan. Ọ̀dọ̀ obìnrin tó ń ta piọ́ wọ́tà lẹ́nu géètì ni a ti ra yìnyín ọ̀hún.

A kò dúró dè é. Omi iyọ̀ ti ń kán wọ ọwọ́ méjèèjì, lítà kan ní wákàtí àkọ́kọ́.

Èsì dé: pH 7.15. Kábónì 15, nígbà tí tiwa ń wà láàárín 35 sí 45. Báíkábónéètì 5, nígbà tí kò yẹ kó dín sí 22. Sódíọ̀mù 132, kílóráìdì 98, àwọn méjèèjì ni iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀. Bí a bá yọ kílóráìdì àti báíkábónéètì kúrò nínú sódíọ̀mù, 29 ló kù, bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó ju 12 lọ. Inú àlàfo yẹn ni kítóònù ń gbé.

Ìṣirò kan wà tí a fi ń mọ̀ bóyá èémí aláìsàn ń ṣe tó bó ti yẹ: gbé báíkábónéètì, sọ ọ́ di ìlọ́po kan àbọ̀, fi 8 kún un. Ó fún mi ní 15.5. Ọmọ náà wà ní 15. Ìyẹn ni pé gbogbo ohun tí ẹ̀dọ̀fóró lè ṣe ni tirẹ̀ ń ṣe, kò ṣẹ́ ìkankan kù.

Mo wá ṣe ìṣirò kejì sẹ́yìn fọ́ọ̀mù láàbù. Ká ní a gún un lábẹ́rẹ́ oorun, kí èémí rẹ̀ padà sí bíi ti èmi àti ìwọ, kí kábónì gòkè dé 40, kí báíkábónéètì sì wà ní 5 tó wà. pH á jẹ́ nǹkan bí 6.7. Dókítà kejì gba fọ́ọ̀mù náà, ó wò ó, ó ya fọ́tò rẹ̀ láti fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ìdí kan náà ni a fi ń bẹ̀rù láti fi irú aláìsàn yìí sórí ẹ̀rọ tó ń bá èèyàn mí: bí a kò bá tò ó kó mí tó bí òun fúnra rẹ̀ ti ń mí, ẹ̀rọ náà á gba igbá lọ́wọ́ rẹ̀ ni.

Kánún àti ọsàn wẹ́wẹ́

“Dókítà, ẹ ní ásíìdì ni,” ìyá rẹ̀ bi mí. “Ṣé kánún ò ní bá a jà?”

Ìbéèrè náà mọ́gbọ́n dání ju bí òun fúnra rẹ̀ ti rò lọ. Báíkábónéètì ti sódíọ̀mù wà nínú kánún, ohun tó tán lára ọmọ rẹ̀ gan-an. Dókítà kejì pẹ̀lú ti ń wá èyí tí wọ́n ń gún sínú iṣan, ó ní 5 ti kéré jù. Mo ní ká fi sílẹ̀. Bí a bá da báíkábónéètì sínú ẹ̀jẹ̀, yóò bá ásíìdì di kábónì, kábónì yẹn sì ń wọ inú ọpọlọ kíá ju báíkábónéètì fúnra rẹ̀ lọ. Ó tún ń fa pótásíọ̀mù, èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn nílò láti lù dáadáa, wálẹ̀. Bí pH kò bá tíì wálẹ̀ sí bíi 6.9, kò sí ẹ̀rí pé ó ń ṣe aláìsàn láǹfààní. Pabanbarì rẹ̀ ni pé ínsúlínì á dá kítóònù dúró níbi tó ti ń wá, ẹran ara, ọkàn àti ọpọlọ á sì jó èyí tó ti wà nílẹ̀, á tún di báíkábónéètì padà. Báíkábónéètì rẹ̀ wà nínú ara rẹ̀, a kàn fẹ́ kó rí ọ̀nà padà ni. Ní ti kánún, ẹni tó ń bì, tí ojú rẹ̀ kò mọ́ tán, a kì í rọ nǹkan kan sí i lẹ́nu.

Àǹtí kan tó dé lóru ní ọsàn wẹ́wẹ́ ló fà á, pé ojoojúmọ́ lọ́mọ náà ń fún un mu. Rárá. Kíkan ọsàn kì í dé inú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ara ń jó ásíìdì ọsàn di kábónì àti omi, ẹ̀dọ̀fóró á sì mí i sọnù. Mo sọ èyí fún un nígbà mélòó kan, ó sì mi orí bí ẹni tó gbọ́, kò gbà.

Òru náà

Ọ̀rọ̀ pótásíọ̀mù ni mo fẹ́ kí àwọn ọmọdé ẹgbẹ́ wa kà dáadáa. Tirẹ̀ jẹ́ 5.1, ẹni tó bá wò ó á ní ó tó, ó tilẹ̀ fẹ́ pọ̀. Irọ́ ni. Ó ti ń bá ìtọ̀ lọ láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ohun tó kù ló sá jáde láti inú ara wá sínú ẹ̀jẹ̀, tó jẹ́ ká rò pé ó pọ̀. Bí ínsúlínì bá ti wọlé, yóò sá padà, ẹ̀jẹ̀ á ṣófo, ọkàn sì lè dákẹ́ lójijì. Nítorí náà, ẹni tí tirẹ̀ bá ti wà nísàlẹ̀ 3.5 láti ìbẹ̀rẹ̀, a kì í fún un ní ínsúlínì rárá títí a ó fi gbé pótásíọ̀mù rẹ̀ dìde.

Ó wọn kílò 52, torí náà ìwọ̀n 5 ínsúlínì ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. A kò ní ẹ̀rọ tó ń tì í wọlé díẹ̀díẹ̀, nọ́ọ̀sì ló ń gún un sínú ẹran ara ní wákàtí wákàtí. Iná lọ, jẹnẹrétọ̀ kò tètè dáhùn, ó fi tọ́ọ̀ṣì fóònù rẹ̀ wo ìlà sírínjì. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin pótásíọ̀mù ti di 3.6, bí mo ti wí náà ló rí. A ti ń dà á sínú dírípù ṣáájú ìgbà yẹn. A fi kún un.

Ní nǹkan bí aago mẹ́ta òru, èémí wálẹ̀ sí 26. Ìdílé bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́. Èmi kò tíì bá wọn dúpẹ́. Èémí lè dín nítorí pé ásíìdì ń lọ. Ó sì lè dín nítorí pé agbára ti tán, ásíìdì sì wà níbẹ̀. Ti àkọ́kọ́, ojú aláìsàn á máa mọ́ sí i. Ti kejì, á máa ṣú. Mo pe orúkọ rẹ̀. Ó ní kí n fún òun lómi, ó sì bi ìyá rẹ̀ pé ta ni èyí.

Ní òwúrọ̀, pH 7.27, kábónì 25, báíkábónéètì 11. Ṣúgà ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 250, a wá fi dírípù ṣúgà kún omi iyọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bínú: ṣebí ṣúgà ni ẹ ní ó pọ̀, ẹ tún ń fà á sí i lára? Ṣúgà ti ń lọ, kítóònù kò tíì lọ. Ínsúlínì ni kò gbọdọ̀ dúró, bí a kò bá sì fún un ní ṣúgà tí ínsúlínì yóò máa jẹ, yóò jẹ èyí tó kù nínú ẹ̀jẹ̀ tán.

Ní ìrọ̀lẹ́, pH 7.36, kábónì 33, báíkábónéètì 18. Àlàfo tó jẹ́ 29 ti di 12. Báíkábónéètì kò tíì pé, bẹ́ẹ̀ kítóònù ti lọ. Apá kan kítóònù náà bá ìtọ̀ lọ kó tó di pé ara lè jó o di báíkábónéètì padà, kílóráìdì inú omi iyọ̀ tí a fà sí i sì gba àyè rẹ̀. Iṣẹ́ kíndìnrín ló kù níbẹ̀, a sì fi sílẹ̀ fún un. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan ó ti pé.

Ní ilé

Ó ń gún ara rẹ̀ ní ínsúlínì báyìí. Ọmọ ọdún 14 ni Leonard Thompson tí wọ́n kọ́kọ́ gún ínsúlínì fún ní Toronto, ní oṣù kìíní ọdún 1922. Ṣáájú ọdún yẹn, kò sí ohun tí gbogbo èyí tí mo kọ sókè yìí lè ṣe. Iná kò dúró nílé wọn, torí náà ìyá rẹ̀ ti kó ìkòkò amọ̀ kékeré sínú ńlá, iyanrìn tútù wà láàárín wọn, aṣọ tútù wà lórí, ínsúlínì sì wà nínú ike ní àárín. Kò ní jẹ́ kó gbóná jù.

Ìyá ní kí n kọ èyí tó kù sílẹ̀ lédè Yorùbá, torí òun ni yóò máa kà á. Mo kọ ọ́ sẹ́yìn káàdì rẹ̀ báyìí: “Bí ó bá ń bì tàbí kò lè jẹun, ẹ má dá ínsúlínì dúró, àìsàn ń mú kó nílò rẹ̀ sí i. Ẹ wo ṣúgà ní wákàtí mẹ́rin mẹ́rin, ẹ wo kítóònù nínú ìtọ̀. Ẹ jẹ́ kó jókòó jẹ́ẹ́, kí ẹ ka èémí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan. Bí ó bá ju 24 lọ, tàbí tí kítóònù bá dé 2+, ẹ máa bọ̀ lóru náà. Ẹ má gba kẹ́míìsì kọjá.”